Ọmọ Tí Rédíò Bí fún Miss Ernestine

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó yáa pè mí báyìí kí n tó bẹ̀rẹ̀, ká lè jọ gbádùn ìyókù. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún èmi náà, màá ní kó lọ sinmi. Ìyá mi bí mi ní Ṣàgámù, ní ọ̀sán gangan, àwọn tó gbé omi gbígbóná wọlé ṣì wà láyé. Síbẹ̀, nígbà tí mo ti lé ní ogójì ọdún, tí irùngbọ̀n mi ti ń funfun, ilé-iṣẹ́ rédíò kan tún mi bí, ní erékùṣù kan tí n kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Wọ́n bí mi láàárín ìkéde ewúrẹ́ tó sọnù àti àsìkò tí ọkọ̀ ojú omi máa gúnlẹ̀.

Ẹ jókòó dáadáa.

N kò ní sọ bí mo ṣe dé Manchester. Ẹni tó bá ti tò fún físà rí mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá tò rí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó tò. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Òtútù, wọ́n ti sọ fún mi nílé, mo sì ti ra kóòtù tó wúwo ju èmi fúnra mi lọ. Ti ìdákẹ́jẹ́ ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ tram, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba àárín ìlú, mo wọlé bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, mo ní, "Good morning, everybody." Gbogbo tram gbójú sókè wò mí. Obìnrin kan fa báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Ọkùnrin kan rò pé mo fẹ́ wàásù, ló bá sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó tó tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ dájú pé kì í ṣe ibẹ̀ ló ń lọ, torí bí a ṣe ń kúrò ni mo rí i tó dúró síbẹ̀, tó ń retí tram mìíràn tí kò ní ẹni tó ń kíni nínú.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ìmọ́tótó ìdájí ní Salford Quays, nítòsí Manchester, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó dé ibẹ̀. Èmi tí mo kàwé, tí mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn ayé fún ọdún mẹ́rìnlá, mo wá ń ti ẹ̀rọ tó ń fa eruku mì kiri lábẹ́ àwọn tábìlì tí wọ́n ti ń ro ìròyìn fún gbogbo ayé. Ilé gíláàsì ni. Tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri bí ẹni pé wọ́n pa á láṣẹ pé kí ògiri má hàn. Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ìròyìn ayé ń kọjá lórí mi, èmi ń wá ibi tí ẹnìkan da kọfí sí.

Orúkọ mi gùn díẹ̀. Ìyá mi ló sọ mí lórúkọ náà, kò sì dín in kù fún ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ní agency tó gbà mí síṣẹ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ báàjì kò lè gbé e tán, wọ́n wá gé e láàárín. Ìdajì tó kù sí mi láyà kò ní ìtumọ̀ ní èdè kankan lábẹ́ ọ̀run. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń ka ìdajì náà. "Mate", bí ẹni ń sọ pé ọ̀rẹ́, ni ọ̀gá mi ń pè mí. Mate náà ló ń pe gbogbo ènìyàn, títí kan ẹ̀rọ tó ń ta kọfí.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ìyá mi lẹ́yìn ìsìn.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Mà."

"Kí ni wọ́n ń pè ọ́ níbi iṣẹ́?" Ìbéèrè yìí kì í yẹ̀. Lójú tirẹ̀, ibi tí wọn kò bá ti pe orúkọ ènìyàn tán, wọn kò tíì gbà á sílé tán.

"Orúkọ mi náà ni, Mà."

"Odindi?"

"Odindi, Mà."

Ọlọ́run yóò dárí jì mí.

Bọ̀dá Gbénga ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ Èkó tó mọ gbogbo yàrá tó ṣófo ní Manchester bí ẹni pé òun ló kọ́ wọn, ló mú mi lọ gba yàrá lọ́dọ̀ Miss Ernestine. Ìyá arúgbó kan báyìí, tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán. Ó ti se oúnjẹ fún àwọn aláìsàn ní ọsibítù fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Kò lọ́kọ rí, kò bímọ rí, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú òun. Ọjọ́ tí mo dé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó sáré lọ gbé omi, ó rò pé mo dákú.

"Ẹ ṣé, Mọ́mì," ni mo wí.

"Èmi kì í ṣe mọ́mì rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì."

Ó wò mí títí. Ó béèrè ibi tí mo ti wá. Mo ní Ṣàgámù, kò mọ ibẹ̀. Mo ní kò jìnnà sí Lagos, ojú rẹ̀ là. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Lagos. Ẹ wo ọmọ Rẹ́mọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ti rédíò.

Erékùṣù kan ni Miss Ernestine ti wá, ní òkun àwọn Karíbíà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí mo bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n á mọ gbogbo ẹni tí mo ń sọ, wọ́n á sì tẹ rédíò láago lọ́jọ́ náà gan-an. Gbogbo wọn lè jókòó sínú pápá bọ́ọ̀lù kan ní Manchester, kí àyè sì kù fún ewúrẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n tó bá di ti ìròyìn, ẹ kí wọn! Wọ́n ní ìwé ìròyìn méjì, ọ̀kan ti ìjọba, ọ̀kan ti alátakò, àwọn méjèèjì sì ń jáde ní ọjọ́ Ẹtì látinú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo, lọ́wọ́ atẹ̀wé kan ṣoṣo. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìwé méjèèjì ní ẹgbẹ́ kejì ló bà á jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti dúró kó tó ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n kan tó ń fi ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin hàn ní ìrọ̀lẹ́. Bí àwọn aṣòfin bá wà ní ìsinmi, wọ́n á tún ti ọdún tó kọjá fi hàn, àwọn ènìyàn á sì tún bínú sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti bínú sí lẹ́ẹ̀kan.

Rédíò ló ga jù. Ọ̀gbẹ́ni Cuthbert ni rédíò, rédíò ni Ọ̀gbẹ́ni Cuthbert. Aago mẹ́fà àárọ̀ wọn, tó jẹ́ aago mẹ́wàá tiwa lásìkò òtútù, Miss Ernestine á ṣí kọ̀ǹpútà sórí tábìlì kitchen, ohùn Cuthbert á sì jáde látinú íńtánẹ́ẹ̀tì bí ohùn wòlíì tó ń fi omi ṣan ọ̀nà ọ̀fun. Á gbàdúrà. Á ka àwọn tó kú. Á ka ọjọ́ ìbí àwọn tó ti pé àádọ́rin ọdún sókè. Á ka ẹran tó sọnù pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ àti ìwà rẹ̀. Á sọ ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi máa dé. Bí àyè bá ṣẹ́kù, á ka ìròyìn àgbáyé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìjọba orílẹ̀-èdè ńlá kan ṣubú. Ní Salford Quays ńṣe ni wọ́n ń sáré bí ilé tó ń jóná, wọ́n fò kọjá lórí búrọ́ọ̀ṣì mi. Mo délé, Cuthbert ní àkókò ti tán, a ó gbọ́ ọ lọ́la, torí ọkọ̀ àlùbọ́sà ti gúnlẹ̀.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé, màá jókòó síwájú Miss Ernestine, á ti ife tíì sọ́dọ̀ mi láìwò mí, a ó sì jọ máa gbọ́ ti ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kan wà nígbà náà, dúdú, etí rẹ̀ kan kúrú, tí wọ́n ti ń wá bọ̀ láti ìgbà tí mo kó dé ilé náà. Mo ti mọ ewúrẹ́ náà ju aládùúgbò mi lọ. Mo máa ń rò ó pé ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n mọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé, ṣùgbọ́n bí èmi bá sọnù láàárín tábìlì kejì àti ìkẹta, ta ni yóò kéde àwọ̀ mi àti ìwà mi? Ní erékùṣù yẹn, ẹran kò lè ṣìnà, kí ilẹ̀ sì ṣú, kí gbogbo ìlú má tíì béèrè rẹ̀. Bóyá ohun tí a ń pè ní ilé náà nìyẹn: ibi tí bí a bá wá ọ tì, wọ́n á fi ọ́ ṣáájú ìròyìn àgbáyé.

Ohun kan péré ni rédíò náà kì í ṣe. Kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Miss Ernestine sọ fún mi pé nígbà kan, Cuthbert kéde pé ọkọ̀ ojú omi máa dé lọ́sàn-án. Ọkọ̀ náà ti bàjẹ́ sí erékùṣù kejì. Àwọn ènìyàn dúró ní èbúté títí di ìrọ̀lẹ́, wọn kò sì bínú sí Cuthbert. Ọkọ̀ náà ni wọ́n bínú sí, pé ó tako rédíò.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àsìkò tí Miss Ernestine fẹ́ pé àádọ́rin ọdún, ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ sílé. Kò tíì padà lọ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Adina, àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ti ń kun yàrá sílẹ̀ dè é, wọ́n sì ti jọ jiyàn lórí àwọ̀ ọ̀dà náà lórí fóònù fún oṣù bíi mélòó kan. Ó fẹ́ lọ wò ó bóyá òun lè máa gbé ibẹ̀ títí ayé. Gbogbo ohun tó kù fún un nìyẹn, ó sì ń fojú sọ́nà fún un bí ọmọdé tó ń retí ọdún.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìbí náà, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ ra ẹja ní ọjà Bury. Fóònù kitchen dún. Mo gbé e. Ohùn wòlíì ni.

"Cuthbert nìyí, láti rédíò. Ṣé Miss Ernestine wà ńlé? Mo fẹ́ ṣe ètò ìkéde ọjọ́ ìbí rẹ̀."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún fóònù. Mo ní kò sí nílé, ṣùgbọ́n mo lè dáhùn.

"Ó dára. Orúkọ, a ní i. Ibùgbé, Manchester. Ọmọ..." Mo gbọ́ tó ń ṣí ìwé. "A mọ ìyẹn náà. Kò ní ọmọ. Màá sọ bẹ́ẹ̀, màá sì kọjá síbi ewúrẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ bá mi dá a rò. Àgbàlagbà pé àádọ́rin ọdún, kí wọ́n wá fi "kò ní ọmọ" parí ìkéde rẹ̀ ní gbangba, kí wọ́n sì fi ewúrẹ́ tẹ̀ lé e? Nílé wa, ta ló bí olúwarẹ̀ dáa tó lè sọ bẹ́ẹ̀? A ó ka ọmọ àbúrò. A ó ka ọmọ ọ̀rẹ́. A ó ka ọmọ tó wá gbé ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀ tó jẹ iṣu lọ. Kò sí àgbà tí kò lọ́mọ. Àfi àgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò tètè dáhùn.

Mo dáhùn.

"Ó lọ́mọ, sà," ni mo wí. "Èmi ni."

Mo gbọ́ tí àga Cuthbert dún.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Ogójì ó lé díẹ̀, sà."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ó ti kú, sà." Òtítọ́ sì ni, bàbá mi ti kú.

"Ó ti kú?" Ohùn Cuthbert yí padà. "A ò kéde rẹ̀."

Ó béèrè iṣẹ́ mi. Mo ní mo wà ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Salford Quays. Òtítọ́ nìyẹn náà. Mo gbé fóònù sílẹ̀, inú mi dùn bí ẹni tó ti ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí tí ẹnìkan kò ṣe irú rẹ̀ rí. N kò wí nǹkan kan fún un nígbà tó dé. Mo fẹ́ kó yà á lẹ́nu.

Ó yà á lẹ́nu.

Àárọ̀ ọjọ́ ìbí, ó dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ láti gbọ́ rédíò. Cuthbert ka àwọn òkú wéréwéré bí ẹni tó ní ibi tó ń lọ. Lẹ́yìn náà ó ní: "Miss Ernestine, ní Manchester, pé àádọ́rin ọdún lónìí. Ó ní ọmọkùnrin kan, tó ń bá a gbé, tó jẹ́ ènìyàn pàtàkì ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Bàbá ọmọ náà ti di olóògbé."

Kò kọjá síbi ewúrẹ́. Orin ló fi sí i. Wọ́n ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Miss Ernestine gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ife náà lè bú.

"Lagos. Kí lo ṣe?"

"Mọ́mì, wọ́n fẹ́ sọ pé ẹ ò lọ́mọ ni."

"N kò lọ́mọ!"

"Ṣùgbọ́n ní gbangba, Mà? Ojú á tì yín."

Ó dìde. N kò mọ̀ pé ó ga tó bẹ́ẹ̀. "Àádọ́rin ọdún ni mo fi wà láìlọ́mọ, ojú kò tì mí ní ọjọ́ kan rí. Ìwọ ni ojú tì. Ojú tì ọ́ nítorí mi, o wá fún mi ní ìtìjú tí n kò ní tẹ́lẹ̀."

Fóònù dún. Adina ni. Kò pariwo, ìyẹn ló burú jù. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. "Gbogbo ohun tí mo ní láyé ni mo máa ń sọ fún ọ, Ernestine. Ìwọ fi odindi ọmọ pamọ́ fún mi?"

"Adina, irọ́ ni. Ayálégbé mi ni."

"Cuthbert ló sọ ọ́," ni Adina wí. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun má wulẹ̀ wá. Òun ti dáwọ́ ọ̀dà dúró.

Bí mo bá ní kí n máa ro ohun tó tẹ̀ lé e, ẹ ó ní mo ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, ìwé ìròyìn ìjọba gbé e jáde pé ọmọ erékùṣù wọn ló ń darí tẹlifíṣọ̀n ní Manchester. Ìwé ti alátakò ń béèrè ohun tí ìjọba mọ̀ nípa ọmọ náà, àti ìgbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n. Aṣòfin kan dìde ní ìjókòó, wọ́n sì fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin kan tó ti ṣe iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù rí tẹ rédíò láago pé òun kọ́ ni bàbá ọmọ náà. Kò sí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́. Àwọn mẹ́ta mìíràn náà tún sẹ́. Ìkarùn-ún ní ó lè jẹ́ òun, ṣùgbọ́n òun kò rántí dáadáa. Cuthbert rán an létí pé bàbá ọmọ náà ti kú, rédíò ti sọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà tọrọ àforíjì.

Miss Ernestine pa kọ̀ǹpútà dé. Kò ṣí i mọ́. Kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kitchen á mọ́ tónítóní, kò ní sí ife kejì lórí tábìlì. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo bá nínú tram ní ọjọ́ kìíní ti wá rí ilé mi, ó ti wọlé, ó ti jókòó. Àwọn ará tram, mo lè gbà fún wọn. Wọn kò mọ̀ mí. Ẹni tó mọ bí mo ṣe ń mu tíì ló wá ń kọjá lára mi bí ẹni pé mo jẹ́ ògiri.

Mo sọ fún Bọ̀dá Gbénga lẹ́yìn ìsìn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ìwọ ni wọ́n bí lórí rédíò? O ò tilẹ̀ jẹ́ kí a sọ ọ́ lórúkọ, ká jẹun."

"Bọ̀dá mi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin yìí ò lè lọ sílé mọ́."

"Ó rọrùn. Ẹnu tó sọ ọ́ náà ni kó lọ gbé e mì. Pè wọ́n padà."

Mo pè wọ́n ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìkéde, nígbà tí Cuthbert máa ń gba ìpè ará ìlú. Mo ṣàlàyé. Mo ní èmi kì í ṣe ọmọ Miss Ernestine, ayálégbé ni mí, Yorùbá ni mí, àṣà wa ni.

Obìnrin kan pè lẹ́yìn mi. Ó ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dáàbò bo ìyá rẹ̀. Ọmọ rere." Bàbá arúgbó kan pè, ó ní ohùn bàbá Ernestine gan-an ni mo ní, òun á dá a mọ̀ níbikíbi. Cuthbert fúnra rẹ̀ sọ fún un lórí afẹ́fẹ́ pé etí rẹ̀ ti di láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Bàbá náà ní, "Kí lo wí?"

"Sà, ẹ kàn sọ pé àṣìṣe ni," ni mo bẹ Cuthbert.

"Ọmọ mi, rédíò kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Bí mo bá kó ti ọmọ jẹ lónìí, ta ni yóò gba ti ọkọ̀ ojú omi gbọ́ lọ́la?"

Mo pe ìyá mi. N kò dúró de ọjọ́ Àìkú. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan ewúrẹ́. Ó gbọ́ ọ tán.

"Àwọn wo ló ní èmi kọ́ ni mo bí ọ?"

"Mà, wọn kò mọ̀ pé ẹ wà ni."

"Ó dáa. Fi mí sórí rédíò wọn."

Bó ṣe di Ọjọ́rú nìyẹn, tí mo gbé fóònù kitchen kalẹ̀ sórí tábìlì, Cuthbert wà nínú rẹ̀, mo sì gbé fóònù tèmi dojú kọ ọ́, ìyá mi wà nínú ìyẹn. Mo wà láàárín bí ògbufọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Miss Ernestine wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Kò kúrò níbẹ̀.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí kí wọn. "Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nílé, ṣé dáadáa lẹ jí? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú atẹ́gùn etí òkun o. Ẹ kú ìrójú o..."

"Kí ló ń sọ?" ni Cuthbert béèrè.

"Ó ń kí yín, sà."

"Ó ṣì ń kí wa?"

"Ó ṣì ń kí yín, sà."

"...Ewúrẹ́ dúdú yẹn ńkọ́?" ni ìyá mi wí. "Èyí tí etí rẹ̀ kan kúrú. Ṣé wọ́n ti rí i?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Cuthbert dáhùn, ohùn wòlíì ti kúrò lọ́fun rẹ̀. "Ẹ sọ fún ìyá pé wọn kò tíì rí i. Ẹ sọ fún un pé láti ìgbà tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, òun ni ẹni àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè tó béèrè ẹran wa."

Lẹ́yìn èyí, ẹ kò rí ẹni tó fẹ́ pa ìyá mi lẹ́nu mọ́ ní gbogbo erékùṣù náà.

"Sọ fún wọn pé èmi ni mo bí ọ," ni ìyá mi wí. "Mo pọ̀n ọ́ títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀, torí orí rẹ tóbi."

"Ṣé kí n túmọ̀ ti orí náà, Mà?"

"Túmọ̀ rẹ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ tí Miss Ernestine fi imú rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣùgbọ́n Ṣàgámù ni èmi wà," ni ìyá mi ń bá a lọ. "Bó bá wúkọ́, ta ló ń gbọ́? Bó bá pẹ́ dé láti ibi iṣẹ́, ta ló mọ̀? Mo ti gbọ́ obìnrin yẹn lórí fóònù rí, tó ń kígbe sí i pé kó wá jẹun kí oúnjẹ tó tutù. N kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n mo mọ igbe náà. Ẹni tó ń ké e sí ọmọ mi, ṣé kí n máa pè é ní onílé ni? Èmi ni mo bí i. Obìnrin yẹn ló ń wò ó. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan pamọ́ fún ẹnìkan."

Ìpè kan wọlé lórí afẹ́fẹ́. A mọ ohùn náà kí ó tó dárúkọ. Adina ni.

"Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè," ni Adina wí fún mi. "Nígbà wo ni ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú rẹ?"

"Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Mà."

"Kò pé ogójì ọdún?"

"Rárá, Mà. Ọdún mẹ́ta."

"Nígbà náà, ọdún mẹ́ta péré ló fi ọ́ pamọ́ fún mi." Ó ronú sí i, gbogbo erékùṣù dúró dè é. "Ìyẹn, mo lè foríjì í."

Mo fẹ́ ṣàlàyé pé kò fi mí pamọ́ rárá. Miss Ernestine na ọwọ́, ó gbé fóònù kitchen lórí tábìlì.

"Adina."

"Ernestine."

"Ṣé o ti kun yàrá náà tán?"

"Ó ku fèrèsé."

"Má fi àwọ̀ ewé yẹn kùn ún."

"Mo ti rà á."

Bí wọ́n ṣe parí ìjà nìyẹn. Cuthbert ní rédíò kò ní kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kó má fi kún un. Òun máa ṣe àfikún: ọmọ náà ní ìyá kan sí i, ní Nàìjíríà. Ó wá béèrè orúkọ mi fún ìkéde náà, Miss Ernestine sì dáhùn pé "Lagos" ni.

"Ta ló ń jẹ́ Lagos?" ni ìyá mi bú sí i. "Ṣebí o ní odindi ni wọ́n ń pè níbẹ̀?"

N kò túmọ̀ ìyẹn.

Ó pe orúkọ náà fún wọn. Cuthbert gbìyànjú. "Rárá," ni ìyá mi wí, "ìparí yẹn ga jù. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀." Cuthbert tún un pè. "Ó kù díẹ̀. Ẹ má sáré." Wọ́n ń bá a lọ báyìí, olùkọ́ kan ní Ṣàgámù, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àárín òkun, títí káàdì fi tán, tí ohùn ìyá mi sì já.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti ibi iṣẹ́ dé, báàjì oní-ìdajì-orúkọ ṣì wà láyà mi. Kọ̀ǹpútà wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Ife méjì ló wà níbẹ̀. Mo jókòó, Miss Ernestine ti ife tíì sọ́dọ̀ mi láìwò mí. Cuthbert gbàdúrà, ó ka àwọn òkú, ó ka ọjọ́ ìbí, ó ní wọn kò tíì rí ewúrẹ́ dúdú náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé wọ́n ń béèrè rẹ̀ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀, ó sì pe orúkọ mi. Odindi. Kò gé e, kò yára, ó sọ ìparí rẹ̀ kalẹ̀ níbi tí ìyá mi ní kó sọ̀ ọ́ sí. Ó ní Adina ń kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní bí ọjọ́ ìrìn-àjò bá pé, kó gbé ẹrù ìyá rẹ̀ dé Manchester Airport, kó má jẹ̀ẹ́ kó dá a gbé, nítorí orúnkún rẹ̀. Ó wá kọjá sí àsìkò tí ọkọ̀ ojú omi máa dé.

Miss Ernestine rọra yí ohùn rédíò sílẹ̀, ohun tí n kò rí i kó ṣe rí. Ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ka nǹkan fún ara rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó pe orúkọ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ó ṣìnà láàárín, ó já síbi tí ẹnikẹ́ni kò dé rí.

"Òní ni wọ́n ń kó pàǹtí," ló wí. "Gbé bin jáde."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì," ni mo wí, mo sì gbé e jáde.